Òkè Kọ́ Ló Gbé Mi Dùbúlẹ̀ ní Addis Ababa

Addis Ababa, olú ìlú Ethiopia, kì í ṣe ìlú tó ń kéde fún àlejò pé orí òkè lòun wà. Ẹ ó sọ̀kalẹ̀ nínú bàálù, ẹ ó rí títì ọlọ́dà, ilé alájà gogoro tí wọn ò tíì kọ́ tán, ọkọ̀ akérò aláwọ̀ búlúù àti funfun, ẹ ó sì rò pé ìlú ńlá bí ìlú ńlá náà ni. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ tí ẹ dúró lé yẹn fi nǹkan bí 2,355 mítà ga ju òkun lọ. Òkè Ìdánrè tí a fi ń yangàn nílé kò tó ìdajì rẹ̀. Ti Ìbàdàn tí mò ń gbé, pẹ̀lú gbogbo òkè tí wọ́n fi ń kì í, kò sí nínú ọ̀rọ̀ rárá.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló bímọ síbẹ̀. Màmá fẹ́ lọ gba ọmọ, àbúrò mi ọkùnrin fẹ́ lọ rí ayé, èmi náà sì ní n kò ní gbélé. Gbogbo ẹbí ló kọ́kọ́ dákẹ́ nígbà tí mo sọ bẹ́ẹ̀, nítorí wọ́n mọ̀ pé ọjọ́ mìíràn wà tí mi ò lè ti yàrá dé kíṣìnnì.

ME/CFS ni wọ́n ń pe àìsàn mi, àìsàn àárẹ̀ tí kì í lọ. Ó bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn ohun kan tí gbogbo wa pè ní ibà, ibà náà lọ, àárẹ̀ rẹ̀ kò lọ. Oorun kì í lé e. Mo lè sùn láti alẹ́ dé ọ̀sán kí n sì jí bí ẹni tó gbé sìmẹ́ńtì mọ́jú. Ohun tó burú jù nínú rẹ̀ ni pé kì í gba owó rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Bí mo bá ṣe ju agbára mi lọ lónìí, mo lè má mọ nǹkan kan lára títí di ọ̀la tàbí ọ̀túnla, kó tó wá dé bí olówó sogúndogójì, tòun ti èlé. Àwọn dókítà ní láàárín wákàtí 12 sí 48 ni ó sábà máa ń dé, ó sì lè jókòó ti ènìyàn fún ọ̀sẹ̀ gbáko. Ìròyìn ńlá tí àwọn onímọ̀ ìṣègùn Amẹ́ríkà gbé jáde ní 2015 fi èyí ṣe ọ̀kan pàtàkì nínú àmì tí wọ́n fi ń dá àìsàn náà mọ̀. Dókítà tó kọ́kọ́ rí mi ní kí n máa sáré láràárọ̀, kí n máa fi kún un díẹ̀díẹ̀. Irú ìmọ̀ràn yẹn ni àjọ NICE, tó ń ṣe ìlànà ìtọ́jú ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, sọ ní 2021 pé kí wọ́n yéé fún àwa aláìsàn yìí. Ara mi ti mọ̀ kí wọ́n tó kọ ọ́.

Ní ti òkè, ohun tó ń ṣẹlẹ̀ kò le. Ìwọ̀n ọ́ksíjìn inú afẹ́fẹ́ kò yí padà, 21% náà ni, bóyá ní etí òkun Èkó tàbí lórí òkè. Agbára tí afẹ́fẹ́ fi ń tẹ ara ni ó ń dín kù bí a ṣe ń gòkè, nítorí náà ohun tí ẹ̀dọ̀fóró ń rí mú nínú èémí kọ̀ọ̀kan ń dín kù. Ní Addis, ó kù sí nǹkan bí 75% ohun tí a ń mí sínú ní Èkó. Ọkàn á wá máa sáré láti fi dí i. Tèmi tẹ́lẹ̀, bí mo bá dìde dúró lásán, ọkàn mi ti ń sá bí ẹni tí ajá ń lé.

Inú bàálù gan-an ni òkè ti bẹ̀rẹ̀. Afẹ́fẹ́ tí wọ́n ń fún wa mí níbẹ̀ lè dà bí ti ibi tó ga tó 2,400 mítà, wọn ò gbọdọ̀ jẹ́ kó ju bẹ́ẹ̀ lọ. Nítorí náà, nǹkan bí wákàtí márùn-ún láti Èkó, Addis ni mo ti ń mí kí n tó dé Addis. Mo wọ ìbọ̀sẹ̀ tó máa ń fún ẹsẹ̀ pinpin, mo ń po ORS mu, èyí tí a máa ń fún ọmọ tó bá ń yàgbẹ́ gbuuru, mo sì ti béèrè àga onítáyà sílẹ̀ ní pápákọ̀ òfurufú méjèèjì. Ní Èkó, ìyá kan wò mí látòkè délẹ̀, ó ní, "Ẹsẹ̀ rẹ mà pé, ọmọ yìí." Mo ní, "Ó pé, mà. Ẹ ṣeun." Kí ni mo tún fẹ́ sọ?

Àjà kẹrin ni ẹ̀gbọ́n mi ń gbé, kò sì sí ẹ̀rọ tó ń gbé ènìyàn gòkè.

Mo mọ bí wọ́n ṣe ń gun àtẹ̀gùn pẹ̀lú àìsàn mi: márùn-ún, jókòó. Márùn-ún, jókòó. Kì í tì mí lójú mọ́. Àbúrò mi tó ń gbá bọ́ọ̀lù ní gbogbo Sátidé ti gbé báàgì méjì sáré gòkè, Màmá sì tẹ̀lé e pẹ̀lú agbára ẹni tó fẹ́ rí ọmọ-ọmọ. Nígbà tí mo fi dé àjà kejì, mo bá Màmá níbẹ̀, ó jókòó sórí àtẹ̀gùn, gèlè ti sún sẹ́yìn, ó fi etí ìró nu ojú, àyà rẹ̀ ń lọ sókè sódò. Lókè orí wa, mo ń gbọ́ èémí àbúrò mi bí ẹni tó ń fẹ́ná. Màmá kò lè sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Nígbà tó máa sọ ọ́, ó ní, "Ta ló gbé afẹ́fẹ́ ibí yìí lọ?" Lẹ́yìn náà ló wò mí. "Ṣé báyìí ló máa ń ṣe ọ́ nílé?"

Mo ní, "Báyìí náà ni, Màmá."

Kò sọ nǹkan kan mọ́, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ yẹn, n kò gbọ́ "gbìyànjú, gbìyànjú" lẹ́nu rẹ̀ mọ́. Ká sòótọ́, inú mi dùn débi kan pé gbogbo wa ló ń mí gulegule. Fún ọjọ́ bíi mélòó kan, èmi nìkan kọ́ ni ọ̀lẹ ilé.

Orí fọ́ Màmá mọ́jú, èébì ń gbé àbúrò mi. Àìsàn òkè nìyẹn. Ó sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ ní wákàtí mélòó kan lẹ́yìn téèyàn bá débẹ̀, bí ènìyàn kò bá sì gòkè sí i, ó máa ń rọlẹ̀ láàárín ọjọ́ kan sí mẹ́ta. Bó ṣe rí gẹ́lẹ́ nìyẹn. Màmá ti bẹ̀rẹ̀ sí í na ọwọ́ sí ìkòkò ẹ̀gbọ́n mi, ó ti ń bá àwọn ará ilé kejì ra tòmátì. Èmi náà ní orí fífọ́ díẹ̀, mo sì ń ta jí lóru nítorí pé èémí á kàn dúró díẹ̀ kí ó tó tún bẹ̀rẹ̀, èyí tó wọ́pọ̀ lórí òkè. Ṣùgbọ́n mo ti pinnu nílé pé n kò ní ṣe ohunkóhun ní àwọn ọjọ́ àkọ́kọ́, ì báà jẹ́ àwo fífọ̀. Mo ń jókòó sórí àpótí wẹ̀, mo ń fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ wẹ̀ dípò gbígbóná, nítorí omi gbígbóná máa ń mú kí òòyì kọ́ mi. Ẹ̀rọ kékeré kan wà tí mo máa ń kì bọ ìka láti mọ ìwọ̀n ọ́ksíjìn inú ẹ̀jẹ̀. Nílé, 98 ló máa ń kọ fún mi. Ní Addis, 92 tàbí 93, bákan náà pẹ̀lú ti Màmá.

Kọfí ìlú yẹn tún ni ọ̀rọ̀ mìíràn. Obìnrin tó ń gbé ní ọ̀kánkán pè wá, ó da koríko tútù sílẹ̀, ó yan kọfí lórí ẹ̀yinná lójú wa, ó gbé èéfín rẹ̀ káàkiri kí oníkálukú fi imú fà á, ó wá sè é nínú ìkòkò amọ̀ ọlọ́rùn gígùn tí wọ́n ń pè ní jebena. Wọ́n fi gúgúrú sí i. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni wọ́n máa ń bù ú, kò sì dáa kéèyàn dìde kó tó pé. Tùràrí ń jó nítòsí. Mo bẹ ẹ̀gbọ́n mi kó bá mi ṣàlàyé, mo jókòó sí ẹnu fèrèsé, mo mu ti àkọ́kọ́, mo dúró níbẹ̀. Kọfí máa ń yá mi ní agbára tí mi ò ní, èmi ni mo sì máa san án. Màmá mu mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Kò sùn mọ́jú, ó ń ṣe àdúrà sí ọmọ létí títí ilẹ̀ fi mọ́.

Ọjọ́ ìkómọ pé. Orógbó, obì, àtaare, oyin, iyọ̀, gbogbo rẹ̀ ni Màmá dì wá láti Bódìjà. Àwọn ọmọ Nàìjíríà tó ń ṣiṣẹ́ ní ìlú náà kún inú ilé, wọ́n ń kọrin, wọ́n ń na owó. Mo jókòó, bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n jíjókòó láàárín ariwo kì í ṣe ìsinmi fún irú wa. Mo kí gbogbo ènìyàn, mo rẹ́rìn-ín, mo dìde kúnlẹ̀ fún àwọn àgbà. Wọ́n fi iyọ̀ kan ọmọ lẹ́nu, mo ní kí wọ́n fún èmi náà díẹ̀, èmi tí ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ mi máa ń lọ sílẹ̀ ni mo nílò rẹ̀ jù.

Ọjọ́ kejì, ara mi dá. Ọjọ́ kẹta ni mi ò lè gbé orí kúrò lórí ìrọ̀rí. Ọ̀nà ọ̀fun ń dùn mí, ìmọ́lẹ̀ ń gún mi lójú, ọ̀rọ̀ ń sọnù lẹ́nu mi.

Ìdààmú bá gbogbo ilé. Ẹ̀gbọ́n mi ní òkè ni, kí wọ́n gbé mi lọ síbi tó lọ sílẹ̀, Adama wà nítòsí, ó sì rẹlẹ̀ gan-an sí Addis. Ọkọ rẹ̀ ní kí wọ́n yí tíkẹ́ẹ̀tì padà kí n máa lọ sílé lọ́la. Ibi tí mo ti ní ohun tí mo fẹ́ sọ fún ẹni tó bá ní irú àìsàn mi nìyí: ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi òkè bo ohun tí kì í ṣe ti òkè. Mo ka wákàtí sẹ́yìn. A ti pẹ́ ní Addis, àìsàn òkè ti kúrò lára wa, kò sì sí ẹni tó gòkè sí i. Ẹ̀rọ ìka ṣì kọ 93. Kò sí ikọ́, mi ò mí gulegule lórí ibùsùn, ẹsẹ̀ mi ń tẹ̀ ní títọ́ bí mo bá lọ sí ilé ìyàgbẹ́. Ká ní mo ń hú ikọ́, tí mo ń mí gulegule lórí ìjókòó, tàbí tí mò ń ta gẹ̀ẹ́gẹ̀ẹ́ bí ọ̀mùtí, kò sí àríyànjiyàn, kí wọ́n gbé mi sọ̀kalẹ̀ lójú ẹsẹ̀, nítorí ìyẹn lè pa ènìyàn. Ṣùgbọ́n ìkómọ ló gbé mi dùbúlẹ̀. Oògùn ti òkè ni kéèyàn sọ̀kalẹ̀. Oògùn ti tèmi ni kéèyàn má kúrò lójú kan. Tí wọ́n bá jù mí sínú ọkọ̀ lọ sí Adama tàbí sínú bàálù ní ọjọ́ yẹn, ọ̀sẹ̀ kan ni wọn ì bá sọ di oṣù.

Wọ́n ta kọ́tìnì, wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má wọlé, Màmá ń bu àmàlà fẹ́ẹ́rẹ́ wá pẹ̀lú ọbẹ̀ ewédú gbígbẹ tó gbé wá. Mo dìde nígbà tí ara ní kí n dìde.

Kí n tó gbàgbé, nítorí pé AS pọ̀ láàárín wa. Àwọn kan tí ẹ̀jẹ̀ wọn jẹ́ AS, tí kò ṣe wọ́n ní nǹkan kan nílé, ti ní ìrora líle ní ìhà òsì lórí òkè, nítorí pé ẹ̀yà ara tí àwọn dókítà ń pè ní spleen kò rí ẹ̀jẹ̀ tó. Ti SS tún léwu ju ìyẹn lọ. Ẹ bá dókítà yín sọ̀rọ̀ kí ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì. Èmi bá tèmi sọ̀rọ̀ lórí Diamox tí wọ́n ń lò fún òkè, ó ní kí n fi sílẹ̀ torí pé ó máa ń mú kéèyàn tọ̀ púpọ̀, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ mi sì ti máa ń lọ sílẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Ní ìparí ìrìnàjò, wọ́n fi mọ́tò gbé mi lọ sí Entoto, tó ga tó nǹkan bí 3,200 mítà. Ibẹ̀ ni Menelik Kejì, ọba Ethiopia, àti Taytu ìyàwó rẹ̀ ń gbé kí wọ́n tó sọ̀kalẹ̀ wá sí ibi omi gbígbóná tí Addis ti bẹ̀rẹ̀ ní 1886, ibẹ̀ náà ni wọ́n sì ti dé Menelik ládé ní 1889, nínú ṣọ́ọ̀ṣì Màríà. Mi ò kúrò lórí ìjókòó mọ́tò, mo kàn ṣí ilẹ̀kùn. Ẹ̀rọ ìka kọ 88. Òórùn igi yukalíptọ́ọ̀sì gba gbogbo ibẹ̀. Àwọn obìnrin ń sọ̀kalẹ̀ bọ̀ pẹ̀lú ẹrù igi ìdáná tó gùn ju àwọn fúnra wọn lọ lẹ́yìn wọn, àwọn ọmọkùnrin tín-ín-rín sì ń sáré gòkè kọjá wa láìmí kíkan. Àbúrò mi tẹ̀lé wọn. Kò dé ìkòríta kó tó di orúnkún mú.

Àǹtí kan ti sọ fún mi nílé pé afẹ́fẹ́ òkè ló ń sọ àwọn eléré ìje Ethiopia di akọni, pé á wò mí sàn. Òótọ́ ni pé òkè ń mú kí ara pèsè ẹ̀jẹ̀ pupa sí i, ó sì ń gba ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ kọ́ ni ìṣòro mi. Mo bọ̀ bí mo ṣe lọ.

Ẹ̀gbọ́n mi ti ń sọ̀rọ̀ ìlú Lalibela báyìí. Mo ti dáhùn: bàálù la máa wọ̀, kì í ṣe mọ́tò, ọjọ́ tí a bá dé ò gbọdọ̀ ní ètò kankan, kò sì gbọdọ̀ sí àpèjẹ. Àwọn ṣọ́ọ̀ṣì 11 tí wọ́n gbẹ́ sínú àpáta ibẹ̀ kún fún àtẹ̀gùn àti ọ̀nà tóóró, mi ò lè wọ gbogbo rẹ̀. Bet Giyorgis ni mo fẹ́ rí. Inú ilẹ̀ ni wọ́n gbẹ́ ẹ sí, nítorí náà ẹni tó bá jókòó sí etí kòtò rẹ̀ lókè á rí òrùlé alágbèélébùú náà kedere. Mo ti ní kí wọ́n bá mi gbé àpótí dání.