Àwìn Kò Sí ní Peckham

Bí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin bá pè mí láti Ọyíǹgbò láàárọ̀, ohun tó máa ń kọ́kọ́ sọ ni pé, "Àbúrò, ayé ń bẹ lọ́dọ̀ rẹ o! Ẹyin mélòó lo jẹ lónìí?" Ó dá a lójú pé ìgbádùn ni oúnjẹ àárọ̀ ìlú òyìnbó. Ọ̀rọ̀ yẹn máa ń dùn mí, torí àárọ̀ gan-an ni Lọ́ńdọ̀nù máa ń le mọ́ mi jù.

Iṣẹ́ alẹ́ ni mò ń ṣe, ní ilé tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn arúgbó. Tí mo bá fi máa jáde ní aago méje, ebi á ti dé. Ní Èbúté Mẹ́ta, àkàrà àti ògì ń bẹ, ẹ̀wà àgànyìn ń bẹ, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Ní Rye Lane, ní Peckham níbí, ṣọ́ọ̀bù àwọn ará wa pọ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí mo bá ń kọjá, wọn ò tíì ṣí. Ilé oúnjẹ tó bá ti ṣí, ẹyin díndín, sọ́séèjì àti ẹ̀wà inú agolo tí wọ́n fi tòmátò àti ṣúgà sè ló wà níbẹ̀. Ẹ̀wà oníṣúgà! Ó pẹ́ kí ẹnu mi tó gbà á.

Búrẹ́dì ni mo tètè rí. Àwọn ará Jàmáíkà ń ta èyí tí wọ́n ń pè ní hard dough, ó wúwo, ó sì fẹ́ẹ̀ẹ́ jọ búrẹ́dì Agége. Kò yà mí lẹ́nu: ará Jàmáíkà ni Amos Shackleford tó wá ṣiṣẹ́ rélùwéè ní Nàìjíríà ní 1913, tó wá dá ilé búrẹ́dì sílẹ̀ ní Èbúté Mẹ́ta tiwa.

Ohun tí mi ò rí ni àwìn. Mállàm onítíì tó wà lẹ́bàá ilé wa, á gbé kọ́ọ̀bù kan sókè, á da tíì láti inú rẹ̀ sínú èkejì, á tún dà á padà, títí á fi hó. Bí oṣù bá ti ń parí lọ tí owó ò sí, á fi ẹfun fa ilà kan sára pákó, ó parí. Bí mo bá pa ọjọ́ méjì jẹ, á bi àwọn tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì pé, "Bàbá Kẹ́hìndé dà?" Nígbà tí ibà dá mi dùbúlẹ̀, ó rán ọmọ kan sí mi pẹ̀lú tíì gbígbóná, kò sì fa ilà fún ìyẹn.

Níbí, ará Tọ́kì kan ló ni ilé oúnjẹ tí mò ń lọ. Tíì rẹ̀ nípọn, ó dára. Ṣùgbọ́n kí oúnjẹ tó dé, mo ti fi káàdì sanwó. Ọ̀fìnkìn ńlá gbé mi dè ju ọ̀sẹ̀ kan lọ, ọjọ́ tí mo padà débẹ̀, "Kí lẹ fẹ́?" ni wọ́n bi mí, bí wọ́n ṣe ń bi gbogbo èèyàn. Wọn ò ṣẹ̀ mí. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe jókòó, tí oníkálukú dá tábìlì tirẹ̀ gbà, tí wọ́n tẹjú mọ́ fóònù, oúnjẹ náà ò wọlé. Bí mo bá kí wọn, wọ́n á wò mí bí ẹni tó fẹ́ tọrọ owó.

Ẹ̀gbọ́n mi á ní kí n padà wálé nígbà náà. Mi ò padà. Ọmọ mi ní ikọ́ fée, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbí, ọmọ tí kò tíì pé ọdún 16 kì í san kọ́bọ̀ lórí oògùn tí dókítà bá kọ fún un. Nílé, torí oògùn yẹn ni mo fi ń yáwó kiri. Mo sì mọ ọjọ́ tí owó oṣù mi máa wọlé. Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé mò ń jayé, kó má sì sọ pé mo ṣìnà.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù, bí ẹ bá mọ ibi tí wọ́n ti ń din àkàrà kí aago méje ààbọ̀ tó lù, tí ẹni tó ń tà á á sì béèrè ẹni tí kò bá wá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ júwe ọ̀nà fún mi.