Iná Tí Ó Ń Ṣẹ́jú Jù

Lóru àná, nílé mi ní Ìkòròdú níhìn-ín, mo parí gbígbé FreeRTOS (ètò kékeré tó ń pín àkókò fún iṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà kéékèèké) sórí bọ́ọ̀dù kọ̀ǹpútà STM32F103 kékeré kan tí ìrántí rẹ̀ kò ju kílóbáìtì 20 lọ. Iṣẹ́ kan péré ni mo kọ́kọ́ bẹ̀ ẹ́: kí ó máa tan iná ara rẹ̀, kí ó sì máa pa á, ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan.

Iná náà tàn lóòótọ́, ṣùgbọ́n ńṣe ni ó ń gbọ̀n bí àtùpà tí afẹ́fẹ́ ń dà láàmú. Mo tú wáyà, mo tún un so, mo tilẹ̀ di ẹ̀bi ru jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò mi, títí mo fi ya fídíò rẹ̀ tí mo sì rọra kà á: ìgbà mẹ́sàn-án ni ó ń yí padà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Mẹ́sàn-án géérégé! Èmi fúnra mi ni mo kọ ọ́ sínú fáìlì ètò pé mẹ́gáhásì 8 (ìlù mílíọ̀nù mẹ́jọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan) ni aago bọ́ọ̀dù náà, nígbà tí mo ti gbé e dé 72, ìyẹn ìlọ́po mẹ́sàn-án 8; ìdí nìyẹn tí FreeRTOS fi ń ka àkókò yá ní ìlọ́po mẹ́sàn-án.

Nọ́ńbà kan ṣoṣo ni mo yí padà tí ara iná náà fi balẹ̀. Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ṣé irú èyí ti ṣẹlẹ̀ sí yín rí?