Oríkì Bàbá Mi Ni Mo Fi Ń Wọn Eré

Ẹ̀yin àbúrò mi tí à ń pàdé lẹ́nu ọ̀nà pápá ìṣeré ní ìdájí Sátidé, ìbéèrè kan náà lẹ ń bi mí ṣáá: "Àǹtí, báwo lẹ ṣe ń sá máratọ́ọ̀nì?" Ẹ rò pé mo ní àṣírí kan ni. Aránṣọ ni mí, ṣọ́ọ̀bù mi wà ní Táńkẹ̀ ní Ìlọrin, ọmọ mẹ́ta ló ń pè mí ní ìyá. Ọmọ Ọ̀fà sì ni mí. Ìjàkadì lorò Ọ̀fà, ẹnikẹ́ni ò sọ pé eré sísá ni. Mo ti pé ọmọ ọdún 36 kí n tó ra bàtà eré àkọ́kọ́ mi, òkìríkà sì ni. Ìyà ló kọ́ mi ní gbogbo ohun tí mo mọ̀. Ẹ̀yin, ẹ gbà á lọ́fẹ̀ẹ́.

Èkó ni mo ti sá máratọ́ọ̀nì àkọ́kọ́ mi. Kìlómítà 42 àti mítà 195 ni, láti Surulere títí dé Eko Atlantic létí òkun. Mo ti ṣírò ó kí n tó kúrò nílé: tí mo bá fẹ́ parí ní wákàtí mẹ́rin àbọ̀, ìṣẹ́jú 6 àti ìṣẹ́jú-àáyá 24 ni kìlómítà kan gbọ́dọ̀ gbà mí. Mo kọ ọ́ sí àtẹ́lẹwọ́ bí ọmọ tó fẹ́ jí ìwé wò nínú ìdánwò. Àfi bí wọ́n ṣe ní ká máa lọ, tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn tú jáde lẹ́ẹ̀kan náà, mi ò wo àtẹ́lẹwọ́ mọ́. Ìṣẹ́jú márùn-ún àbọ̀ ni mo fi ń sá kìlómítà kan. Lórí Third Mainland Bridge, afẹ́fẹ́ ọ̀sà ń fẹ́ sí mi lára, mo ń kọjá àwọn èèyàn, mo ń wò wọ́n bí ẹni tí kò mọ eré sá.

Kìlómítà 31 ni ẹsẹ̀ mi ti kọ̀. Kò dùn mí o. Ó kàn kọ̀ ni, bí ẹ̀rọ ìránṣọ tí wọ́n mú iná lọ nígbà tí abẹ́rẹ́ ṣì wà nínú aṣọ. Bàbá arúgbó kan tí mo ti kọjá lórí afárá ló bá mi níbẹ̀. Ó ní, "Ẹ kú ìrọ́jú, ìyá," ó sì bá tirẹ̀ lọ, tẹ̀-tẹ̀-tẹ̀, bí ẹni tó ń lọ kí àna rẹ̀. Wákàtí 5 àti ìṣẹ́jú 21 ni mo fi parí, èyí tó pọ̀ nínú kìlómítà mọ́kànlá ìgbẹ̀yìn ni mo sì fi ẹsẹ̀ rìn.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi kì í ṣe àdììtú. Ṣúgà tí ara ń kó pamọ́ sínú iṣan àti ẹ̀dọ̀ kì í sábà gbé ni kọjá nǹkan bí kìlómítà 30, bí a bá sì ṣe ń sáré kíkankíkan tó la ṣe ń yára ná an tó. Tó bá tán, ọ̀rá ló kù tí ara máa jó, ọ̀rá kì í sì yára jó: ó dà bí iná èédú tí kò sẹ́ni tó ń fẹ́ ẹ. Gbogbo ìṣẹ́jú tí mo rò pé mo jèrè lórí afárá ni mo dá padà pẹ̀lú èlé.

Nígbà tí mo padà dé Ìlọrin, mo ṣí ìwé tí mo ń kọ eré mi sí. Ọjọ́ mẹ́fà lọ́sẹ̀ ni mo ń sáré, kìlómítà mẹ́jọ sí mẹ́wàá lójoojúmọ́, ojoojúmọ́ náà ni mo ń mí hẹlẹhẹlẹ. Eré mi le jù fún ọjọ́ tó yẹ kí n rọra, ó sì rọ̀ jù fún ọjọ́ tó yẹ kó le. Ibí yìí ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ ti fetí sílẹ̀ dáadáa, torí òun ni gbogbo yín ń ṣe. Eré jẹ́jẹ́ ló ń kọ́ ọkàn láti ti ẹ̀jẹ̀ púpọ̀ jáde nígbà tó bá lù lẹ́ẹ̀kan; òun ló ń mú kí àwọn òpó ẹ̀jẹ̀ tín-tìn-tín pọ̀ nínú iṣan; òun náà ló ń kọ́ ara láti máa jó ọ̀rá, kí ṣúgà lè pẹ́. Eliud Kipchoge ará Kenya, tó fi wákàtí 2, ìṣẹ́jú 1 àti ìṣẹ́jú-àáyá 9 sá máratọ́ọ̀nì ní Berlin lọ́dún 2022, kì í fi eré ìdíje sáré lójoojúmọ́. Eré ọjọ́ jẹ́jẹ́ rẹ̀ lọ́ra gan-an sí ti ọjọ́ ìdíje. Tiyín wá ń yára láti Àtìní dé Àìkú, ṣé ẹ jù ú lọ ni?

Mi ò ní aago tó ń ka bí ọkàn ṣe ń lù. Oríkì bàbá mi ni mo fi ń wọn eré mi. Mo máa ń kì í sókè bí mo ṣe ń lọ: "Ìyẹ̀rú Ọ̀kín, Ọlọ́fà Mọjọ̀, ọmọ Ọlálọmí." Tí ohùn mi bá já geere, eré náà dáa. Tí mo bá ní láti mí láàárín "Ọlọ́fà" àti "Mọjọ̀", mo ti ń sáré jù, mo á dẹwọ́. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń dúró de ọkọ̀ ní Òkè-Odò ti rò pé orí mi dàrú. Ọlọ́kadà kan tilẹ̀ dúró lọ́jọ́ kan: "Ìyá, ẹ gùn ún, ẹ má san kọ́bọ̀." Mo dúpẹ́, mo ní mi ò lọ síbì kankan. Ó rọra ń tẹ̀ lé mi títí a fi dé géètì Yunifásítì, ó ṣáà fẹ́ mọ ohun tó ń lé mi.

Ṣọ́ọ̀bù ló ṣètò ọ̀sẹ̀ mi, kì í ṣe ìwé òyìnbó. Mi ò jẹ́ sáré ní ọjọ́ Ajé, torí ọjọ́ yẹn làwọn oníbàárà ń kó aṣọ wá. Àtàláátà nìkan ni eré líle: mítà 400 lórí pápá, ìgbà mẹ́fà tàbí mẹ́jọ, pẹ̀lú ìsinmi díẹ̀ láàárín. Kìlómítà mẹ́wàá pẹ̀lú oríkì ni Àlàmísì. Jímọ̀, rárá. Sátidé ni eré gígùn. A bẹ̀rẹ̀ láti 16, à ń fi kìlómítà méjì kún un lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀ títí dé 30, ṣùgbọ́n a máa ń dín in kù ní gbogbo ọ̀sẹ̀ kẹrin. Ẹni tó bá fo ọ̀sẹ̀ kẹrin yẹn nítorí pé ara rẹ̀ le, kó má wá sunkún lọ́dọ̀ mi.

Àlàrùbá ni ìlúwẹ̀ẹ́, Àìkú sì ni kẹ̀kẹ́ ológeere, torí triathlon ti kó sí mi lórí. Èyí tí wọ́n ń ṣe ní Òlíńpíìkì láti ìgbà Sydney lọ́dún 2000, ìlúwẹ̀ẹ́ mítà 1,500 ni, kẹ̀kẹ́ kìlómítà 40, àti eré kìlómítà 10, láìsinmi láàárín. Adágún ìlúwẹ̀ẹ́ kan tí mo ń lò tẹ́lẹ̀ gba owó oṣù lọ́wọ́ mi, wọ́n sì tì í pa fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta láì sọ fún ẹnikẹ́ni. Látìgbà náà, ojúmọ́ kọ̀ọ̀kan ni mo ń sanwó fún. Oṣù méjì ni mo fi ń bá omi jà kí n tó mọ̀ pé èémí tí mi ò mí jáde sínú omi ló ń fún mi láyà. Nísinsìnyí mo máa ń tú u jáde, bùbù-bùbù, kí n tó yí ojú sókè. Ẹ kọ́ ọ nínú adágún o. Mi ò fẹ́ gbọ́ pé ẹnikẹ́ni lọ dán an wò nínú odò Asà.

Ti kẹ̀kẹ́ ò gùn. Ọ̀nà Gánmọ̀ sí Ìdófìán ni mò ń gbà. Tí fóònù bá ti ka ogún kìlómítà, mo yí padà níbikíbi tí mo bá wà. Tírélà pọ̀ lójú ọ̀nà yẹn, ẹ má dá lọ. Tí mo bá sọ̀ kalẹ̀, mo máa ń sáré kìlómítà mẹ́ta lójú ẹsẹ̀, torí bí itan ṣe máa ń rí lẹ́yìn kẹ̀kẹ́, bí ẹni gbé igi sọ́rùn ìbàdí, ó yẹ kí ara ti mọ̀ ọ́n kí ọjọ́ eré tó dé.

Ààwẹ̀ wá ńkọ́? Ní 2024 àti 2025, oṣù kẹta ni ààwẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀, ẹ sì mọ bí ooru Ìlọrin ṣe máa ń rí lóṣù kẹta. Ọdún àkọ́kọ́ tí mo ń sáré, mo jẹ sààrì, mo kí àsùbáà, mo sá kìlómítà méjìlá. Ó dùn títí di aago mẹ́wàá. Nígbà tó di ọ̀sán, ọ̀yì ń kọ́ mi nídìí tábìlì ìgéṣọ, léèsì oníbàárà sì wà níwájú mi, èyí tó fẹ́ wọ̀ lọ́jọ́ ìtúnu. Ọwọ́ òsì méjì ni mo gé fún bùbá kan ṣoṣo. Èmi tí mo ti ń ránṣọ láti ọdún mọ́kàndínlógún! Mo ra léèsì mìíràn padà, èrè oṣù yẹn sì bá a lọ. Láti ìgbà náà, ogójì ìṣẹ́jú jẹ́jẹ́ kí ìṣínu tó tó ni, tàbí lẹ́yìn àṣámù tí omi ti wọ ara. Kò sí Àtàláátà líle nínú ààwẹ̀. Ara kì í gbàgbé láàárín oṣù kan.

Ẹ sì jọ̀ọ́, ẹ yé mu píọ̀ wọ́tà ní àmujù. Omi lásán tó bá pọ̀ jù nínú eré gígùn a máa bomi la iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀. Orí á máa fọ́, èèyàn á máa bì, ó sì lè gbẹ̀mí. Èmi máa ń po omi iyọ̀ àti ṣúgà tí wọ́n kọ́ wa nígbà tí ọmọ ń yàgbẹ́: lítà omi kan, ṣíbí tíì ṣúgà mẹ́fà, ìdajì ṣíbí tíì iyọ̀, kí ṣíbí tẹ́jú. Mo tún máa ń ra dàbínù lọ́jà Ìpàta, mẹ́ta ní gbogbo kìlómítà mẹ́jọ. Ẹ jẹ ẹ́ kí ebi tó pa yín.

Ó ku ti Iléyá. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú rẹ̀, aṣọ àwọn èèyàn ni mo ń bá sùn, mi ò lè sáré ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ lọ́sẹ̀. Lọ́dún kan mo ní kí n san gbèsè yẹn lẹ́yìn ọdún, mo ń sáré láàárọ̀, mo ń sáré nírọ̀lẹ́. Ojúgun mi wú, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni mi ò fi lè sá nǹkan kan. Eré tó bá ti bọ́, ó ti bọ́ nìyẹn. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ọ̀sẹ̀ dé.

Nígbà tí mo padà lọ sí Èkó, ìṣẹ́jú mẹ́fà àbọ̀ ni mo fi ń sá kìlómítà kan láti ìbẹ̀rẹ̀, mo ń ki bàbá mi lórí afárá, gbogbo ayé ń kọjá mi. Wákàtí 4 àti ìṣẹ́jú 34. Láti kìlómítà 30 lọ, mo dẹ́kun kíka iye àwọn tí mo ń bá níwájú.

Sátidé tó ń bọ̀, kìlómítà 24 ni. Lẹ́yìn àsùbáà, nígbà tí ilẹ̀ bá ti mọ́ díẹ̀, níbi tí a ti máa ń pàdé. Dàbínù wà lọ́wọ́ mi. Ẹni tó bá ṣíwájú mi ní kìlómítà àkọ́kọ́, òun ló máa gbé omi gbogbo wa.