Láti bùkà Ìbàdàn dé ìdí ọkọ̀ taco ní Houston

Bí èèyàn wa bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé sí Houston, ohun tí wọ́n máa ń kọ́kọ́ júwe fún un ni àwọn ilé oúnjẹ Nàìjíríà tó wà lápá Bissonnet àti Alief. Kò burú. Àmàlà ń bẹ níbẹ̀, ẹ̀fọ́ rírò ń bẹ, a ó sì máa gbọ́ Yorùbá bí a ṣe ń jẹun. Ṣùgbọ́n owó abọ́ kan níbẹ̀ kì í ṣe ohun tí òṣìṣẹ́ lè máa san lójoojúmọ́. Lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n á tún júwe àwọn ilé bọ́gà, níbi tí èèyàn ò ti ní bọ́ọ́lẹ̀ nínú mọ́tò, ojú fèrèsé ni wọ́n á ti na oúnjẹ sí i nínú àpò bébà. Èmi kì í júwe ìyẹn fún ẹnikẹ́ni. Ìdí ọkọ̀ taco, oúnjẹ àwọn ará Mẹ́síkò tí wọ́n ń fi búrẹ́dì pẹlẹbẹ wé ẹran, ni mo máa ń rán wọn lọ. Nínú gbogbo oúnjẹ títà tí mo bá ní Amẹ́ríkà, òun ló sún mọ́ bùkà jù lọ. Ibi tí kò ti jọ bùkà náà wà, ó sì wúwo lójú mi.

Ẹ gba Long Point Road kọjá ní Spring Branch nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì. Ẹ̀gbẹ́ àwọn tó ń lẹ táyà, iwájú ibi tí wọ́n ti ń fọ mọ́tò, igun ilé epo: ibi tí ìyá olóńjẹ ì bá pàtẹ sí nílé gan-an ni ọkọ̀ wọn ń dúró sí. Wọ́n ti la fèrèsé sí ọkọ̀ náà lẹ́gbẹ̀ẹ́. Sítóòfù gáàsì, pẹpẹ irin tí wọ́n ń dín ẹran lé, fíríìjì àti omi ẹ̀rọ wà nínú rẹ̀. Ìjọba ló ń fún wọn níwèé àṣẹ, àwọn wolé-wolé sì ń wá yẹ ọkọ̀ wò. Àwọn àgbà wa mọ wolé-wolé dáadáa, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ kí n tó kúrò nílé tí mo ti rí èyí tó wọ bùkà wá ṣí ìkòkò wò.

Ní òwúrọ̀ kùtù, àwọn bíríkìlà, àwọn tó ń kan òrùlé àti àwọn tó ń gé koríko á ti tò síwájú fèrèsé. Taco àárọ̀ ni wọ́n ń rà: ẹyin tí wọ́n pò mọ́ pòtétò, wọ́n fi tortilla fúláwà, búrẹ́dì pẹlẹbẹ wọn, wé e, wọ́n sì fi fóìlì dì í kó má tutù. Ó ń mú ni dúró di ọ̀sán. Búrẹ́dì àti àkàrà ló ń ṣe iṣẹ́ yìí ní Ìbàdàn. Ẹni tó bá fẹ́ mọ àwọn tó ń kọ́ ìlú Houston, kó lọ dúró síbẹ̀ kí aago méje tó lù.

Pátákó tí wọ́n kọ orúkọ ẹran sí ló kọ́kọ́ mú orí mi wú. Ní ọ̀pọ̀ ilé ìtajà Amẹ́ríkà, ẹran kò lórí, kò nífun, kò láhọ́n; inú ike ló ti ń wá, gbogbo rẹ̀ sì rí bákan náà. Ní ìdí taco, odindi màlúù ló wà níbẹ̀. Lengua ni ahọ́n, wọ́n sè é títí tó fi rọ̀ pátápátá. Cachete ni ẹ̀rẹ̀kẹ́. Tripa ni ìfun tí wọ́n fọ̀, tí wọ́n sè, tí wọ́n tún wá dín lórí irin gbígbóná títí tí etí rẹ̀ fi gan. Ẹni tó bá fẹ́ kó gan dáadáa, kó sọ fún wọn. Lópin ọ̀sẹ̀, barbacoa á dé, ẹran orí màlúù tí ooru ti fi gbogbo òru sè, bẹ́ẹ̀ náà ni menudo, ọbẹ̀ ṣàkì aláta pupa tí wọ́n da àgbàdo sí. Àwọn tó mutí mọ́jú ló máa ń kọ́kọ́ dé ìdí rẹ̀. Nígbà tí mo jẹ tripa, ọ̀dọ̀ orísirísi ni ọkàn mi lọ: ṣàkì, abọ́dí, fùkù, ẹ̀dọ̀, gbogbo wọn nínú ìkòkò kan. Wọ́n ní awọ ẹlẹ́dẹ̀ tí wọ́n rẹ sínú ọtí kíkan pẹ̀lú. Pọ̀nmọ́ wa ju ìyẹn lọ fíìfíì.

Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà tà á ló yàtọ̀. Nílé, iwájú ìkòkò ni mo máa ń dúró sí, tí mo ń nàka. “Ìyá, ẹ bá mi mú èyí tó wà lábẹ́ yẹn. Rárá, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ọ̀rá díẹ̀ sí i.” Ìyá á ní, “Ọkọ mi, ẹran yẹn ti di ẹgbẹ̀rún kan o.” A ó fà á síwá sẹ́yìn, wọ́n á fi fùkù kékeré kan lé e, wọ́n á ní kí n lọ jókòó. Ní Houston, wọ́n ti kọ iye rẹ̀ sára ọkọ̀: ẹyọ taco kan tó bíi dọ́là méjì ààbọ̀ sí mẹ́rin, mẹ́ta tàbí mẹ́rin sì ń yó àgbàlagbà. A ó sọ iye tí a fẹ́, a ó sanwó, wọ́n á pe nọ́ńbà wa. Ó yá, kò sì sí àríyànjiyàn. Ó dára fún ẹni tó ń sáré lọ síbi iṣẹ́. Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ tí èmi àti ìyá olóńjẹ ń fà yẹn wà lára oúnjẹ lójú mi, n kò sì tíì rí ohun tó dípò rẹ̀ níbí. Àwìn náà kò sí.

Ọ̀rọ̀ ata ni ìyàtọ̀ tó tóbi jù. Ní bùkà, ìyá olóńjẹ ti pinnu bí ẹnu wa yóò ṣe ta kí a tó jí láàárọ̀. Wọ́n ti lọ ata rodo, tàtàṣé àti tòmátì, wọ́n ti sè é gbẹ, wọ́n ti fi epo dín in títí tó fi jiná dénú, ẹran sì ti mu ún. Ẹni tí kò bá lè jẹ ata, kó wá omi sítòsí. Ní ìdí taco, iyọ̀, iná àti ọ̀rá ló mú ọ̀pọ̀ ẹran dùn. Ata wà lọ́tọ̀ nínú ìgò, pẹ̀lú àlùbọ́sà tí wọ́n gé wẹ́wẹ́, ewé cilantro àti ọsàn wẹ́wẹ́ tí a ó fún sí i. Oníkálukú ló ń po tirẹ̀. Èyí tó pupa, ata chile de árbol gbígbẹ ni wọ́n sábà fi ń ṣe é. Àwọn èèyàn wa máa ń rò pé èyí tó ní àwọ̀ ewé kò ní ta. Kí wọ́n rọra o. Ata serrano tàbí jalapeño ló wà nínú rẹ̀, òun gan-an sì lè jẹ́ èyí tó ta jù lórí pẹpẹ. Bí ẹ bá rí èyí tó ní àwọ̀ ọsàn, ata habanero ló sábà máa ń wà nínú rẹ̀. Irú ata kan náà ni àwọn onímọ̀ ewéko ka habanero àti ata rodo wa sí, òórùn rẹ̀ nìkan ti tó ẹ̀rí.

Èyí ti yí bí a ṣe ń jẹun nílé mi padà. Àwọn ọmọ tí a bí síbí kò lè jẹ ata tó àwa, tẹ́lẹ̀ a máa ń bá wọn fà á títí oúnjẹ á fi tutù. Nísinsìnyí, a máa ń gbé ata sọ́tọ̀ lórí tábìlì. Nígbà tí ìyá mi wá kí wa láti Ìbàdàn, wọn ò fẹ́ràn rẹ̀ rárá. Wọ́n ní ata tí a kò dín pọ̀ mọ́ ẹran kò tíì di ọbẹ̀. Lórí ọbẹ̀, mo gbà pẹ̀lú wọn. Lórí ẹran sísun, mo rò pé ọgbọ́n àwọn ará Mẹ́síkò ló jù, torí pé ata tí wọ́n sun lórí irin kí wọ́n tó lọ̀ ọ́ ní adùn èéfín kan tí epo máa ń pa.

Ẹ má gbàgbé pé ọ̀dọ̀ wọn ni àgbàdo ti wá bá wa. Ní gúúsù Mẹ́síkò, ní nǹkan bí 9,000 ọdún sẹ́yìn, ni àwọn àgbẹ̀ ti sọ koríko kan tí wọ́n ń pè ní teosinte di àgbàdo. Láàárín ọdún 1500 sí 1600 ni ọkọ̀ ojú omi àwọn Potogí gbé e dé etíkun wa, a sì sọ ọ́ di ògì, ẹ̀kọ, ègbo àti àádùn. Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà sè é ni kò bá a dé. Àwa ń rẹ àgbàdo sómi fún ọjọ́ méjì mẹ́ta, a ó lọ̀ ọ́, a ó sẹ́ ẹ, a ó da èèrí fún ẹran ọ̀sìn. Àwọn ń da òkúta funfun tí wọ́n ti fi iná sun, tí wọ́n ń pè ní cal, sínú omi, wọ́n á se àgbàdo nínú rẹ̀, wọ́n á fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì kí wọ́n tó lọ̀ ọ́. Ẹni tó ń fi káún sí ewédú mọ irú iṣẹ́ tí nǹkan bẹ́ẹ̀ ń ṣe. Èèpo àgbàdo á bó, ìyẹ̀fun rẹ̀ á lẹ̀ mọ́ra, fítámì B3 inú rẹ̀ tí ara kì í rí gbà dáadáa á wá di ohun tí ara lè lò. Àwọn ará Yúróòpù gbé àgbàdo lọ, wọ́n fi ọgbọ́n yìí sílẹ̀. Nígbà tó yá, àrùn pellagra bẹ̀rẹ̀ sí í mú àwọn tálákà tó ń jẹ àgbàdo nìkan ní àríwá Ítálì, awọ ara wọn ń bó, orí wọn ń dàrú. Ó ṣe àwọn tálákà ìpínlẹ̀ gúúsù orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà náà lẹ́yìn ọdún 1900. Tortilla àgbàdo ni kí ẹ máa bèèrè, kí ẹ fi ti fúláwà sílẹ̀ fún àárọ̀.

Al pastor ni n ó fi hàn yín dáadáa. Ẹran ẹlẹ́dẹ̀ ni. Wọ́n gé e pẹlẹbẹ, wọ́n fi ata gbígbẹ àti achiote, hóró pupa kan, rẹ ẹ́ títí tó fi pọ́n, wọ́n wá tò ó lérí ara wọn lórí ọ̀pá irin tó dúró ṣánṣán. Iná ń jó lẹ́gbẹ̀ẹ́, ọ̀pá ń yí, ọ̀rá ń ṣàn láti òkè bọ̀ wálẹ̀. Ọkùnrin tó wà nídìí rẹ̀ gbé tortilla méjì tó kéré sọ́wọ́ òsì, ọ̀bẹ gígùn wà lọ́wọ́ ọ̀tún. Ó fi ọ̀bẹ fá ẹran náà, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ló ń já bọ́ sínú tortilla. Ó wá na ṣónṣó ọ̀bẹ sókè sí ọ̀pẹ̀yìnbó tó wà lórí ọ̀pá, ègé kan já, ó fi taco hán an lófuurufú, ó ti kọjú sí èkejì.

Àwọn aṣíkiri láti Lẹ́bánọ́ọ̀nù àti agbègbè rẹ̀ tí wọ́n tẹ̀dó sí Mẹ́síkò, pàápàá ní Puebla, ló mú ọ̀pá yíyí yìí débẹ̀. Ẹran àgùntàn ni tiwọn, ibẹ̀ ló ti di ẹlẹ́dẹ̀. Shawarma tí gbogbo ọmọ Èkó ń jẹ, ọwọ́ àwọn ará Lẹ́bánọ́ọ̀nù náà ló ti dé ọ̀dọ̀ wa. Ilé kan náà ni àwọn méjèèjì ti jáde: ọ̀kan bá àgbàdo pàdé, èkejì bá mayonnaise àti sọ́séèjì pàdé. Èyí tó bá àgbàdo pàdé ni mo fara mọ́.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, Alhaja ni wọ́n, wọn kì í fẹnu kan ẹlẹ́dẹ̀. Ẹni tó bá wà nípò wọn ní láti bèèrè dáadáa. Ẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n sábà fi ń ṣe al pastor, carnitas àti chorizo, ọ̀rá rẹ̀ lè wà nínú ẹ̀wà àti tortilla fúláwà, orí irin kan náà ni wọ́n sì sábà ń dín gbogbo ẹran. Ibi tí wọ́n ti ń ta taco hàlálì ni mo máa ń gbé wọn lọ.

Ní ti ohun mímu, agua de jamaica tí ẹ ó rí nínú ike ńlá kò yàtọ̀ sí sóbò, òdòdó kan náà ni wọ́n fi ń ṣe é. Horchata, ìrẹsì àti sínámónì ni. Ti àwọn ará Valencia ní Sípéènì, òfìo ni wọ́n fi ń ṣe é.

Bí ẹ bá fẹ́ jókòó, ẹ wọ taquería, ilé oúnjẹ tí wọ́n ti ń ta taco. Tẹlifíṣọ̀n á máa fi bọ́ọ̀lù hàn, ẹbí tó ti orí ìyá àgbà dé ọmọ ọwọ́ á máa jẹun lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú. Ẹni tí ẹ kò mọ̀ rí á kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì yín, á ní, “Provecho,” ìyẹn ni pé kí oúnjẹ náà ṣe yín lóore. Nílé, ẹni tó ń jẹun ló ń pe ni, “Ẹ wá jẹun o,” a ó ní, “Á gba ibi ire.” Nínú ilé bọ́gà, n kò tíì gbọ́ kí àjèjì kí ẹni tó ń jẹun.

Ìtàn tí mo máa ń sọ fún àwọn obìnrin wa tó ń se oúnjẹ tà níbí ni ti Ninfa Laurenzo. Ọkọ rẹ̀ kú ní 1969, ó ku òun, ọmọ márùn-ún àti ilé iṣẹ́ tortilla tí kò lérè. Ní 1973, ó to tábìlì mẹ́wàá síwájú ilé iṣẹ́ náà ní Navigation Boulevard ní Houston, ó ń ta ẹran màlúù sísun tí wọ́n fi tortilla wé. Gbogbo Texas ló mọ orúkọ rẹ̀ lẹ́yìn náà. Ní 1974, ní Los Angeles, Raul Martinez sọ ọkọ̀ áísìkiriìmù àtijọ́ di ọkọ̀ taco, ibẹ̀ ni ilé oúnjẹ King Taco ti bẹ̀rẹ̀.

Ohun tó ń dùn mí nípa tiwa ni pé abọ́ ńlá nìkan ni a ń tà. Ẹni tí kò jẹ oúnjẹ Yorùbá rí kò ní fi ogún dọ́là dán an wò, ṣùgbọ́n á fi dọ́là mẹ́ta ra taco tí kò mọ orúkọ ẹran inú rẹ̀. Àkàrà ló yẹ kí a kọ́kọ́ gbé jáde. Ẹyọ kọ̀ọ̀kan ni à ń tà á nílé, ojú olùrà ni à ń dín in, ní Bahia ní Brazil àwọn obìnrin ń tà á ní ìgboro títí dòní fún ẹni tó mọ̀ ọ́n àti ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Ẹ̀wà kò wọ́n ní Houston, òróró kò wọ́n, habanero sì wà ní gbogbo ọjà fún ata rẹ̀. Ẹni tó bá ti ní ọkọ̀ àti ìwé àṣẹ, tó ń wá ẹni tí yóò máa po ẹ̀wà, mo ṣetán láti bẹ̀rẹ̀.