Ẹsẹ̀ kékeré tó wà lábẹ́ lẹ́tà

Nígbà tí mo wà ní sẹ́kọ́ńdìrì l'Ákùúrẹ́, tí wọ́n bá ti fún wa lọ́lidé báyìí, ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbọ́n mọ́mì mi l'Òkè Àró ni mo máa ń wà látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Sáìn ráítà ni Bọ̀ọ̀dá. Kẹ́mísìtì o, ṣọ́ọ̀ṣì o, ẹni tó ń pààrọ̀ táyà, gbogbo wọn ló ń gbé bọ́ọ̀dù wá. Bọ̀ọ̀dá á fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà méjì, wọ́n á ti búrọ́ọ̀ṣì pẹlẹbẹ bọ ọ̀dà, wọ́n á wá kọ I kan ṣoṣo. I yẹn gan-an ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ ẹ̀. Wọn ò kàn ní fà á gbọọrọ kí wọ́n fi sílẹ̀, tí wọ́n bá ti dé ìdí ẹ̀, wọ́n á yí ọwọ́ díẹ̀, wọ́n á fa búrọ́ọ̀ṣì sósì, wọ́n á fà á sọ́tùn-ún, lẹ́tà á ti ní ẹsẹ̀. Mo bi wọ́n pé kí lẹsẹ̀ yẹn wà fún. Wọ́n ní, "Tó ò bá ṣe é, ìdí ẹ̀ á rí jákujàku. Fi ọwọ́ ẹ kúrò lára ọ̀dà mi."

Ó pẹ́ gan-an kí n tó mọ̀ pé ẹsẹ̀ yẹn lòyìnbó ń pè ní serif. Òpó Trajan kan wà ní Róòmù, orúkọ ọba wọn ayé àtijọ́ ni wọ́n fi pè é, ọdún 113 ni wọ́n parí ẹ̀, lẹ́tà ńlá ẹlẹ́sẹ̀ tí wọ́n gbẹ́ sára òkúta ìdí ẹ̀ ṣì rẹwà dòní. Ohun tí ọ̀pọ̀ ń sọ tẹ́lẹ̀ ni pé ṣísẹ́lì ló bí ẹsẹ̀ yẹn. Àfìgbà tí Fadá kan l'Amẹ́ríkà, Edward Catich, dìde pé irọ́ ni, pé wọ́n ti kọ́kọ́ fi búrọ́ọ̀ṣì pẹlẹbẹ kọ ọ́ sórí òkúta kí agbẹ́kùúta tó tẹ̀ lé e. Ẹ mọ iṣẹ́ tí Fadá ṣe ní Chicago kó tó di Fadá? Sáìn ráítà! Mo rẹ́rìn-ín títí.

Lẹ́tà A náà ní ìtàn tiẹ̀. Ẹ dorí ẹ̀ kodò, ẹ ó rí orí màlúù pẹ̀lú ìwo méjì. Àwọn ará Phoenicia ayé àtijọ́ ló ń pè é ní alef, ìyẹn màlúù, àwọn Gíríìkì gbà á lọ́wọ́ wọn wọ́n sì yí i.

Lẹ́tà kékeré ò ti ara òkúta wá ní tiẹ̀, ọwọ́ àwọn mọ́ńkì tó ń fi kálàmù da ìwé kọ láyé ọba Charlemagne ní Yúróòpù, bí ọdún 800, ló ti gba ojú tá a mọ̀ ọ́n sí, ìdí nìyẹn tí G àti g ò fi jọra rárá. Nígbà tí Gutenberg tẹ Bíbélì ní Mainz ní Jámánì, ní nǹkan bí 1455, ìwé ọwọ́ ló ń fara wé, lẹ́tà dúdú kìjikìji. Jenson, atẹ̀wé kan ní Venice, ló wá gé lẹ́tà tó mọ́ra tó sì fúyẹ́ ní 1470, òun ló jọ tá à ń kà lónìí.

Tiwa wá ńkọ́? Ẹ, ọ, ṣ: àwọn míṣọ́nnárì CMS, tí Ajayi Crowther wà nínú wọn, ló fi àmì sábẹ́ wọn ní bíi 1850 síwá sẹ́yìn. Wàhálà ọ̀hún ni pé nínú kọ̀ǹpútà, ọ ní ààyè tiẹ̀, àmọ́ ọ́ tòun tàmì ohùn ò ní, ẹ̀ẹ̀méjì la máa ń tò ó, ọ lákọ̀ọ́kọ́, àmì á wá gùn ún lórí. Fọ́ńtì tí ẹni tó ṣe é ò bá ti fi ibi tí àmì máa jókòó sí hàn án, ó di kó máa fò kiri.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí bánà ọgọ́ta ọdún mọ́mì mi nìyẹn. ỌLỌ́RUN ṢEUN ni mo tẹ̀ ránṣẹ́, ibi tí mo ti lọ tẹ̀ ẹ́ gbé e fún mi, àmì orí Ọ kejì ti lọ gúnlẹ̀ sórí R, Ṣ sì ti di àpótí òfìfo. Òru ọjọ́ tá a máa ṣe é ni! Bọ̀ọ̀dá, tójú wọn ò ríran dáadáa mọ́, wò ó, wọ́n ní kí wọ́n wá ọ̀dà àti búrọ́ọ̀ṣì wá. Wọ́n pa àpótí yẹn rẹ́, wọ́n kọ S sójú ẹ̀, wọ́n fún un lẹ́sẹ̀, wọ́n kán tó-ó-tó sábẹ́ ẹ̀. Wọ́n ní kí n di etí bánà mú, kí n má mira.