Ọjọ́ tí mo gbé gbẹ̀gìrì lọ sí ìsọ̀ aláṣọ

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń sọ pé gbogbo télọ̀ onírọ́ ni, mi ò bá yín jà, òótọ́ lẹ sọ. Èmi tí ẹ ń wò yìí, ó ti lé lógún ọdún tí mo ti wà nídìí máṣíìnì ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí, mi ò lè ka iye ìgbà tí mo ti sọ fún oníbàárà pé "bọ́tìnnì ló kù" nígbà tó jẹ́ pé aṣọ ọ̀hún ṣì wà nínú ọ̀rá tó fi gbé e wá, mi ò tíì fi sísọ́ọ̀sì kàn án rárá. Ṣùgbọ́n irọ́ tí mò ń pa fún oníbàárà, kékeré ni lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tí mò ń pa fún ara mi látìgbà tí mo ti kó sídìí kúbùsù onírépé.

Ìrépé ló fà á. Ẹni tó bá ti dé ṣọ́ọ̀bù télọ̀ rí á mọ̀ pé abẹ́ tábìlì tá a fi ń géṣọ, àpò ìrépé ló máa ń wà níbẹ̀, ègé ankara, etí léèsì, apá bùbá tí a gé tó kéré jù (ìyẹn ò ṣẹlẹ̀ rí lọ́dọ̀ tèmi o). Àwọn kan ń kó o sínú pílò, àwọn kan ń jó o. Èmi ò lè jó aṣọ, ó máa ń dùn mí. Lóru ọjọ́ kan tí mò ń wo YouTube ni mo bá kan àwọn ìyá kan ní Alabama ní Amẹ́ríkà, àdúgbò kan tí wọ́n ń pè ní Gee's Bend, ìran àwọn ẹrú tó ṣiṣẹ́ lóko òwú ni wọ́n, aṣọ oko tó ti gbó, jíǹsì tó ti ya lórúnkún, ni wọ́n ń gé tí wọ́n ń rán pọ̀ di kúbùsù, ó sì débi pé ní 2006 ilé ìfìwéránṣẹ́ Amẹ́ríkà gbé àwòrán kúbùsù wọn sórí sítáǹbù. Mo wo abẹ́ tábìlì mi, mo ní háà, owó rèé nílẹ̀. Ìyàwó mi ní òun ò tíì rí owó ọ̀hún títí di bá a ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí.

Ìgbà tí mo sì rò ó dáadáa, kì í ṣe nǹkan àjèjì sí wa. Ẹ wo aṣọ eégún, kí ló wà níbẹ̀ bí kò ṣe ìrépé lórí ìrépé, aṣọ òkè gan-an, tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n ń hun ún, télọ̀ ló ń rán an pọ̀ kó tó di nǹkan tí èèyàn ń fi yangàn lóde.

Iṣẹ́ ẹ̀ ò le lójú ẹni tó ń wò ó. Ẹ to ìrépé, ìyẹn lojú ẹ̀, àárín ẹ̀ fóòmù pẹlẹbẹ tàbí kúbùsù àlòkù, ẹ̀yìn ẹ̀ aṣọ òdidi kan, ẹ wá rán mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ káàkiri kó má baà máa yọ̀ kúrò lára ara wọn. Ibi tó ti le ni pé kò sí oníbàárà tó máa wá dúró lé ẹ lórí, kò sí ọjọ́ ìgbéyàwó tó ń lé ẹ bọ̀, torí náà tí ọ̀kan bá ti sú ẹ, wàá kàn bẹ̀rẹ̀ òmíràn ni. Lákòókò tí mò ń sọ yìí, mẹ́rin ló wà nílẹ̀. Tẹ́ ẹ bá bi ìyàwó mi, á ní mẹ́fà.

Ti àkọ́kọ́, ti ọmọ àbúrò ìyàwó mi ni, mo fẹ́ gbé e lọ síbi ìkómọ. Ọmọ ọ̀hún ti ń lọ ra bisikíìtì fúnra ẹ̀ báyìí. Ìkejì, ti màmá mi ni, aṣọ bàbá mi tó ti dolóògbé ni mo fi ń ṣe é, ẹtù kan, sányán kan, àti bùbá ankara tí wọ́n máa ń wọ̀ lọ sóko. Àpò méjèèjì jọra, NEPA sì ti mú iná wọn lọ, tọ́ọ̀ṣì fóònù ni mò ń lò, ni mo bá rán ègé ẹtù bàbá mi mọ́ kúbùsù ọmọ yẹn, láàárín àwòrán ìgbín àti ti bọ́ọ̀lù. Mi ò tètè rí i, màmá mi ló rí i. Wọ́n wò ó títí, wọ́n ní "Bàbá ẹ mà ti kó lọ sọ́dọ̀ àwọn àna ẹ." Mi ò lè tú u mọ́, ó ti di ọ̀rọ̀ ẹbí.

Ìkẹta ni mò ń pè ní Alángbá. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Nǹkan tó máa ń ṣe mí nìyí, látìgbà tí mo ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí ojú mi ò gbádùn mọ́, ibi tí mo bá yíjú sí, àwọ̀ ni mò ń rí. Páànù ilé tó ti dípẹtà tí òjò sì ṣú lẹ́yìn ẹ̀, mo ti dúró síbẹ̀, ọ̀kadà ń fọn fèrè lé mi lórí. Èèpo àlùbọ́sà, mo ti kó o pamọ́ sáàárín ìwé tí mo ń kọ ìwọ̀n oníbàárà sí. Ọjọ́ kan ni mo rí akọ alángbá lára ògiri ilé kejì, orí ẹ̀ pupa bí omi ọsàn, ara ẹ̀ dúdú bí aró tó ti kan, ìrù ẹ̀ tún pupa láàárín, mo ní ta ló kọ́ alángbá ní àwọ̀ báyìí, mo yọ fóònù kí n yà á, ó sá, mo tẹ̀ lé e, ó gun igi kajú, èmi náà di ẹ̀ka mú. Baba onílé kejì yọjú, wọ́n wò mí, wọ́n wo alángbá, wọ́n rẹ ohùn sílẹ̀, wọ́n ní "Télọ̀, ṣé aájò ni? Bó bá jẹ́ aájò ni, abo ló dáa jù." Mo ní rárá bàbá, àwọ̀ ẹ̀ ni mo fẹ́. Ìyẹn gan-an ló wá dẹ́rù bà wọ́n.

Ìkẹrin wá ni ti àǹtí kan tó ń ṣe olùkọ́ ní yunifásítì LAUTECH. Òun nìkan ló sanwó sílẹ̀ nínú gbogbo wọn. Ó ní òun ń lọ Kánádà, ibẹ̀ tutù, kí n bá òun ṣe kúbùsù kan tó jẹ́ pé tóun bá ti fi bora, ilé lòun á máa rántí. Mo ní kò sí wàhálà mà, ọ̀sẹ̀ méjì. (Ẹ ti mọ̀.)

Kí ni èèyàn fi ń rántí ilé? Mo rò ó tì. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn ẹ̀ ni mo wà ní búkà kan lọ́nà Under G, àwa ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ Ajílété tí wọ́n ń kì pé a máa ń jẹkà ká tó mukọ yangan, wọ́n gbé àwo síwájú mi, ọwọ́ mi kàn dúró lófuurufú. Ọkà dúdú rúsúrúsú, ó ń dán bí ẹni fi omi pa á lára, ewédú ti ń yọ́ lọ sétí àwo, gbẹ̀gìrì jókòó ní tiẹ̀ ò bá ẹnikẹ́ni ṣe, wọ́n wá da ata sáàárín, epo ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fà lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ gbẹ̀gìrì ní ìlà tín-ín-rín, bí ìlà inú ẹtù gan-an. Mo ń wò ó, mo ń wò ó. Ọmọ tó ń pín ẹran ní "Bọ̀dá, ṣé eṣinṣin ló kó sí i ni?"

Ọjọ́ yẹn ni mo délé tí mo da àpò ìrépé sílẹ̀. Ọkà, mo rí i lára ṣòkòtò búráùn ẹnì kan. Ewédú, yúnífọ́ọ̀mù ọmọ iléèwé. Ata pọ̀ lọ súà, ankara ò ní kí pupa má wà. Mo tò wọ́n sílẹ̀, mo fi fóònù yà wọ́n ní dúdú àti funfun, torí ẹ̀tàn ni àwọ̀, tó o bá yọ àwọ̀ kúrò lo máa tó rí èyí tó dúdú jù àti èyí tó mọ́lẹ̀ jù, tí gbogbo wọn bá rí bákan náà nínú fọ́tò, kúbùsù yẹn á kú fin-ín ni. Tèmi dáa. Gbẹ̀gìrì nìkan ló kù. Gbogbo yẹ́lò tí mo ní, ọ̀kan ń pariwo bíi lẹ́mọ́ọ̀nù, ọ̀kan ń dán bíi góòlù, gbẹ̀gìrì kì í ṣe bẹ́ẹ̀, yẹ́lò ẹ̀ fara balẹ̀, eérú díẹ̀ wà nínú ẹ̀, epo pupa sì wà lẹ́yìn ẹ̀ tó ń yọjú.

Mo pe Àlàájà tí mo máa ń ra aṣọ lọ́wọ́ wọn. Mo ní "Ẹ kú ọjà Àlàájà, yẹ́lò ni mo ń wá, olówùú." Wọ́n ní yẹ́lò wo, ṣé lẹ́mọ́ọ̀nù ni, àbí góòlù, àbí mọ́sítádì? Mo ní yẹ́lò gbẹ̀gìrì. Wọ́n dákẹ́. Wọ́n ní "Gbẹ̀gìrì ti ta ni? Ti kálukú lọ́tọ̀. Gbé e wá ká wò ó," wọ́n sì pa fóònù.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá a. Èèyàn ní kí n gbé e wá. Àwa Yorùbá náà kọ́, tá a bá ti kúrò ní dúdú, funfun àti pupa, àwọ̀ tó kù ara nǹkan la ti ń yá orúkọ ẹ̀, àwọ̀ ewé, àwọ̀ eérú, àwọ̀ ojú ọ̀run. Èyí tí ò bá wá lórúkọ ńkọ́, ẹ ò ní mú nǹkan ọ̀hún fúnra ẹ̀ dání?

Mo padà sí búkà. Mo ní "Ìyá, ẹ bá mi bu gbẹ̀gìrì sọ́rá." Wọ́n ní ọkà mélòó? Mo ní láìsí ọkà. Ewédú ńkọ́? Láìsí ewédú. Wọ́n gbé ìgbakọ sílẹ̀, wọ́n ní "Pẹ̀lẹ́ o, ìgbà wo ló ti ń ṣe ẹ́?"

Mo gun ọ̀kadà, mo gbé ọ̀rá gbẹ̀gìrì lé itan bí ọmọ tuntun, ó gbóná, mo ń gbé e láti itan ọ̀tún sí tòsì, a dé ọjà láyọ̀. Àlàájà ń bá oníbàárà kan ná aṣọ, òwú funfun báláú kan báyìí ni wọ́n tẹ́ sílẹ̀ lórí tábìlì, ẹ wò ó, ó mọ́ tó fi jẹ́ pé ojú ń ro ni. Mo kí wọn, mo gbé ọ̀rá sókè, mo ní àwọ̀ ẹ̀ rèé. Wọ́n ní wọn ò ríran rí i dáadáa, ó ki jù. Mo ní ẹ dúró, mo fi ọwọ́ méjèèjì tẹ̀ ẹ́ pẹlẹbẹ kí ìmọ́lẹ̀ lè là á kọjá. Ìmọ́lẹ̀ là á kọjá lóòótọ́. Gbẹ̀gìrì náà là á kọjá.

Fàà.

Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀. Gbẹ̀gìrì ń rìn lọ lórí aṣọ funfun yẹn wọ́ọ́rọ́wọ́, kò kánjú. Àlàájà ní "Télọ̀." Mo ní mà. Wọ́n ní "Kí nìyẹn?" Mo ní gbẹ̀gìrì ni mà. Wọ́n ní "Gbẹ̀gìrì." Mo ní ẹ̀yin lẹ ní kí n gbé e wá. Oníbàárà tó wà níbẹ̀ fìka kàn án, ó tọ́ ọ wò (mi ò purọ́), ó ní ata ẹ̀ ṣe déédéé. Ìyẹn ló dá ẹ̀rín sílẹ̀, ọmọ tó ń bá Àlàájà tajà kàn jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó di ikùn mú. Àlàájà náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ò ní kí wọ́n má gbowó, aṣọ yẹn ká lórí ara wọn ni, ó ti mu ún dénú, yáàdì mẹ́fà ni mo san. Mo fi ọwọ́ ara mi dì í.

Mo fọ̀ ọ́ délé, ọṣẹ àkọ́kọ́, ọṣẹ ìkejì. Gbẹ̀gìrì lọ, àbàwọ́n dúró. Mo na àbàwọ́n yẹn síta fèrèsé, mo wò ó, orí mi wú. Òun gan-an ni! Yẹ́lò tó fara balẹ̀, tí epo ń yọjú lẹ́yìn ẹ̀. Ìyàwó mi ní kí n gbé e fún òun kóun sá a sóòrùn, oòrùn máa ń jẹ àbàwọ́n epo. Mo gbá aṣọ mọ́ra, mo ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ sá a sóòrùn, mi ò sì fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kẹta. Inú ilé ni mo sá a sí, lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó gbẹ ní ọjọ́ mẹ́ta. Ìyàwó mi ní "Ó dáa, ìwọ lo mọ̀ ọ́n."

Mo rán an tán láàárín ọ̀sẹ̀ kan, àwọn yòókù sì wà nínú àpò wọn tí wọ́n ń wò mí.

Àǹtí LAUTECH wá gbé e ní Sátidé. Mo tẹ́ ẹ sórí tábìlì, kí n tó la ẹnu wọ́n ti ń ka á fún mi, "Háà, ọkà rèé! Ewédú! Bọ̀dá, ẹ ò ní pa mí, gbẹ̀gìrì rèé!" Inú mi dùn, mo ń fi téèpù nu ojú. Ni wọ́n bá gbé e mọ́ra, wọ́n ki imú bọ̀ ọ́. Wọ́n dá dúró.

"Bọ̀dá télọ̀, kí ló ń rùn bíi gbẹ̀gìrì?"

Ìyàwó mi tó ń já òwú lẹ́gbẹ̀ẹ́ máṣíìnì dìde, ó wọlé lọ. Mo ní "Ṣebí ẹ̀yin lẹ ní kó máa rán yín létí ilé, mà."

Wọ́n wò mí. Wọ́n tún ki imú bọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì, ó pẹ́ díẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí. Wọ́n gbé ojú sókè, wọ́n ní, "Ẹran dà?"