Ohun tí mo kọ́ nípa ilẹ̀kùn ọkàn tó há

Ẹ̀kọ́ tí mo dì mú jù lẹ́nu iṣẹ́ yìí ni pé "Ṣé ẹ ń mí dáadáa?" kì í tú àṣírí kankan. "Bẹ́ẹ̀ ni" ni aláìsàn yóò sọ. Èyí tó ń tú u ni: "Kí lẹ máa ń ṣe lọ́dún tó kọjá tí ẹ ò ṣe mọ́?" Díẹ̀díẹ̀ ni ilẹ̀kùn ọkàn ń há, díẹ̀díẹ̀ náà lèèyàn ń dín iṣẹ́ kù. Ó ń wọ ọ̀kadà lọ sọ́jà tó máa ń fẹsẹ̀ rìn lọ, ó ń rán ọmọ lọ pọnmi, lójú rẹ̀, ara rẹ̀ le.

Ilẹ̀kùn tó wà láàárín yàrá òkè àti ti ìsàlẹ̀ ọkàn lápá òsì ni mò ń sọ. Bó bá pé, ó ń ṣí tó sẹ̀ńtímítà onígun mẹ́rin 4 sí 6. Tó bá ti di 1.5 tàbí tó dín sí i, ọ̀rọ̀ ti le. Ẹ̀jẹ̀ tí kò ráyè kọjá á kó sẹ́yìn sínú ẹ̀dọ̀fóró. Nítorí náà, ẹ ka ìrọ̀rí. Ẹni tó ń fi ọ̀kan sùn tẹ́lẹ̀ tó wá di mẹ́ta, tàbí tó ń ta jí lóru láti wá atẹ́gùn lójú fèrèsé, kí ó lọ ṣe síkáànù ọkàn tí wọ́n ń pè ní echo. Ó lè máa wúkọ́, kí ẹ̀jẹ̀ wà nínú kẹ̀lẹ̀bẹ̀. Wọ́n á ní TB ni, tàbí ásímà. Ẹ yẹ TB wò, ó yẹ bẹ́ẹ̀, àmọ́ tí kò bá sí níbẹ̀, ẹ má dúró.

Oyún ló ń bà mí lẹ́rù jù. Ẹ̀jẹ̀ ara aboyún ń pọ̀ sí i tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì, ọkàn rẹ̀ sì ń yára lù, àkókò tí ẹ̀jẹ̀ fi ń gba ẹnu ọ̀nà náà kọjá wá kúrú sí i. Ẹni tí kò ṣàìsàn rí lè bẹ̀rẹ̀ sí í mí gúlegúle. Aboyún tí kò lè fẹ̀yìn lélẹ̀ sùn nítorí èémí, tàbí tó ń mí hẹlẹ lórí ìjókòó, ẹ má sọ pé oyún ni. Ewu náà kì í tán lọ́jọ́ ìbí.

Bí àyà bá ń lù ségesège lójijì, ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ lọ sí ọsibítù: ẹ̀jẹ̀ lè dì nínú ọkàn, kó sì fa rọpárọsẹ̀.

Àìsàn tó sábà ń ba ilẹ̀kùn yìí jẹ́, tí wọ́n ń pè ní rheumatic fever, ọ̀nà ọ̀fun ló sábà ń gbà wọlé ní kékeré, tí oríkèé á máa dun ọmọ láti ibì kan sí ìkejì. Abẹ́rẹ́ benzathine penicillin, oògùn tó ń pa kòkòrò àrùn, ní ọ̀sẹ̀ 3 tàbí 4 síra fún ọ̀pọ̀ ọdún, kò ní ṣí ohun tó ti há, àmọ́ ó ń dènà kí àìsàn náà tún padà wá bà á jẹ́ sí i. Àwọn tí ara wọn ti yá ló ń pa á jẹ. Ẹ kọ ọjọ́ tó kàn sára kàlẹ́ńdà kí ẹ tó kúrò ní ọsibítù.